Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Bo Ọwọ́ Ọkọ Mi

Tẹ́ ẹ bá dé Mile 12 tẹ́ ẹ ní Àkànní Aránpò lẹ̀ ń wá, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Tí tírélà bá já àlùbọ́sà tí àpò ya, òun ni wọ́n máa ń pè. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti rán ẹnu àpò, ó ti ta á ní kókó. Kókó yẹn gan-an ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kò sí alábàárù tó lè tú u láìlo ọ̀bẹ.

Ọkọ mi ni. A jọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn ni, torí náà ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ń pè é ní "ẹ".

Ọdún tí wọ́n ka èèyàn, 2006, BP gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀wà. Rọpárọsẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ padà, ẹnu náà tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ̀. Ó kàn ń fì bí apá agbádá.

Ó bi mí, "Ajarat, aránpò tí ò lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ló kù?"

Mo bu oúnjẹ, mo ní kó la ẹnu.

Èmi náà ni mo kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, mò ń bá a de bọ́tìnnì, mò ń nu imú fún un. Ará àdúgbò ń kí mi, "Ìyàwó rere!" Orí mi ń wú. Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Ìdùnnú tó ń ṣe fisió fáwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kọ̀ lọ́sibítù, ó rí i pé àwọn ìka yẹn ṣì ń mì díẹ̀. Ó ní, "Mummy, ta ló ń lo ọwọ́ yìí nílé?"

Mo ní kò sẹ́ni.

"Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Ó ní ká máa fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọwọ́ òsì tó dáa, ká fi okùn so ó, wákàtí mẹ́ta láràárọ̀, kí ọ̀tún máa ṣe gbogbo ẹ̀. Kí n má dẹ̀ ràn án lọ́wọ́ o.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Ajarat, o fẹ́ pa mí."

Mo ní, "Tí mo bá fẹ́ pa ẹ́, ṣé búrẹ́dì ni mo máa fi pa ẹ́? Jẹun jàre!" Mo wá yíjú kó má bàa rí omi lójú mi.

Ó ń ṣa ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òógùn á bò ó. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ti ń gbé ṣíbí dé ẹnu, bó tiẹ̀ ń dà á sílẹ̀. Àmọ́ àwọn ìka ò tíì lè di okùn mú. Aránpò dẹ̀ nìyẹn, okùn ni gbogbo ayé ẹ̀.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n Màríyámọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ṣe ti Ìsẹ́yìn wọlé dé láìsọ. Wọ́n bá àbúrò wọn lórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ kan nínú ìbọ̀sẹ̀, ògì ń ṣàn lágbọ̀n ẹ̀. Èmi jókòó, mò ń wò ó.

"Yéè! Ajarat! O so àbúrò mi bí àgbò Iléyá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Fisió ni. Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín."

"Mi ò mu omi ìkà!"

Wọ́n tú okùn náà, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bu ògì. "Àkànní, la ẹnu."

Ọkọ mi ò la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀tún mú okùn yẹn nílẹ̀. Ó já bọ́. Ó tún mú un. Ó tún já bọ́. Mo fẹ́ dìde, mo bá jókòó lé ọwọ́ ara mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wé e mọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fi eyín di ẹnu okùn kan mú, ó fi ìka ọ̀tún fa ìkejì. Ó ta á ní kókó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú u mọ́. Ọwọ́ mi ni mò ń wá."

Ẹ̀gbọ́n gbé ògì sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ajarat, omi yẹn dà?"

Nígbà tí wákàtí mẹ́ta pé, mo ní kí n tú okùn. Mo fà á, mo fi èékánná họ ọ́, Ẹ̀gbọ́n náà bá mi fà á. Kò tú. Ọ̀bẹ la fi gé e, ẹ̀rín ń pa àwa méjèèjì. Ọkọ mi ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá abẹ́rẹ́ ìránpò ẹ̀.