Aṣojú Wa Tó Jẹ Obì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí afárá odò wa kọjá lónìí bí ẹni ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àsíá wọn kọ́ sí Àjàṣẹ́, igi jíjẹrà mẹ́ta ló wà lórí odò yìí. Epo pupa ni mò ń tà ní Ìfọ̀nyìn níhìn-ín. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran.

Lọ́jọ́ kan, igi kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ Àbẹ̀ní àbúrò mi. Ìkòkò epo fọ́, itan rẹ̀ náà kán. Òjò sì ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo agbo ilé ló ń fi ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ ọ̀nà. Olórí Ọ̀nà, tí ìlú fi ọ̀nà àti afárá sí ìkáwọ́ rẹ̀, ló ń kó wọn lọ. Ibo ni wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ sí? Ohun tí a fẹ́ kí aṣojú wa bi í ní gbangba nìyẹn.

Bí a ṣe ń yan aṣojú ọjà ni pé ẹni tó bá wù ọ́, kí o lọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni méjì ló jáde: Ìyá Àìná, arúgbó tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, àti Àkàndé aláṣọ, tó mọ ènìyàn í kí débi pé ewúrẹ́ ń dúró gbọ́ ọ. Mo bi ìyá náà pé ta ni yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin eléyín, ẹ máa lọ.” Ẹ̀yìn Àkàndé ni gbogbo wa tò sí. Èmi gan-an ni mo ṣíwájú.

Àkàndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Olórí Ọ̀nà. Ó kí i, ó kí bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó kí àgùtàn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Oòrùn kúrò lórí wa, ó ṣì ń kí i. Inú Olórí Ọ̀nà dùn, ó la obì, ó na awẹ́ kan sí i. Ìwọ̀sí ni kéèyàn kọ obì irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ bá a rojọ́ lọ́jọ́ náà. Àkàndé jẹ ẹ́, ó padà wá bá wa.

“Àkàndé, ìbéèrè wa ńkọ́?”

“Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Elépo. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀?”

“Mo rí i. Ìwọ lo jẹun, àwa la ó ré sódò.”

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a lọ tò sẹ́yìn Ìyá Àìná wẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa. Nígbà tí obì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ya ẹnu fún Olórí Ọ̀nà kó wò ó.

“Bàbá, ẹ má bínú, kò sí eyín. Àwọn ọkùnrin tí à ń fi sílẹ̀ fún ọ̀nà, oko ta ni wọ́n ń ro?”

Olórí Ọ̀nà wòkè, ó wolẹ̀, ó ní wọn yóò tún afárá ṣe kí oṣù tó kú.

“A gbọ́ ti afárá. Oko ta ni?”

Ó ní inú ń run òun, ó wọlé.

Wọ́n ṣe afárá náà lóòótọ́, igi ìrókò gidi. Àbẹ̀ní tiro gba orí rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá Àìná ti lọ, Olórí Ọ̀nà ti lọ, ẹlòmíràn ti jẹ oyè náà. Oko ọ̀pẹ kan wà lápá ọ̀tún bí ẹ bá ti sọdá, kò ní koríko kankan. A ṣì ń fi ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ lọ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹnu ẹni tí ẹ ó rán wò kí ẹ tó tò.