Afẹ́fẹ́ Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Fojúrí gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, tábìlì wa sì kanra. Ọdún kọkàndínlógún rèé, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó gbà mí gbọ́ tán. Bí mo bá ní oòrùn ti yọ, yóò dìde lọ wo fèrèsé. Àwa la sọ ọ́ ní Fojúrí, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n bi èèyàn: "Ṣé o fojú rí i?" Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi rí pé bí òun bá ra ẹyin wálé, níṣe ni yóò máa gbé e síwájú gílóòbù wò níkọ̀ọ̀kan kó tó dúpẹ́.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kì í déédéé wọ inú ìwé wa. Àwọn èèyàn máa ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sórí káàdì ránṣẹ́ sí wa, Fojúrí ni yóò sì wádìí rẹ̀. Òfin ilé méjì ló dì mú: àkànlò èdè tí a kò bá gbọ́ ní ilé méjì tí kò bára tan, kò gbọdọ̀ wọlé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, "afẹ́fẹ́" ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti to atẹ́gùn, ẹ̀fúùfù àti ìjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ya èyí tó ń mi ewé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ṣí òrùlé. Ó ti kọ ọ́ pé ẹni tó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn, ìsinmi ló ń wá. Pé ẹni tí ìjì ayé ń jà, ewé kan lè má mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pé bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, tí a ti rí fùrọ̀ adìẹ, àṣírí ti tú nìyẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló fẹ́ràn jù. Bó bá sì ń kà á, ojú mi ló máa ń wò.

Ọjọ́ Ajé kan ni káàdì kan dé. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́: "Afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn: ẹni tí kò sí yàrá tí kì í wọ̀, tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá débẹ̀." Kò sí orúkọ níbẹ̀. Nọ́ńbà àpótí kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn la sì máa kó ojú ìwé afẹ́fẹ́ lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé.

Fojúrí kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé e wá síwájú mi.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni?"

"Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, láti kékeré. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí, wọ́n sì ti kú láti ọdún méjì. Ìwọ obìnrin yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tó o ti ń wá nǹkan tó o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo búra. Ta ni mò ń búra fún? Kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ yẹn, ó ti mú kí gbogbo wa, títí kan ọ̀gá, kọ gbólóhùn náà sórí ìwé pélébé, ó sì ń fi wọ́n wé káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀gá ló yẹ̀ wò pẹ́ jù. Inú bí mi gidigidi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò jí nǹkan rẹ̀ rí ju bírò lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ ń ṣọ́ àpótí náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì fà mí dání. Ó ní bí òun bá fi mí sílẹ̀, mo máa lọ ta ẹni tí mo bẹ̀ níṣẹ́ lólobó. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń díbọ́n bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Gbogbo ẹni tó wọlé ló fura sí: ọkùnrin tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n ṣí àpótí náà. Fojúrí dìde, ó tún jókòó.

"Bàbá mi nìyẹn," ló wí.

Bàbá ti fìgbà kan jẹ́ atúnaagoṣe, kí ojú wọn tó di bàìbàì. Kò tiẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí wa.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Ọjọ́ Àìkú la ṣì jọ jẹun!"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé o máa gbà á? O máa ní ojúsàájú ni." Bàbá ti àpótí wọn padà. "Ohùn ìyá rẹ ti ń lọ kúrò létí mi. Mo ní kí n wá ibì kan tó máa wà kó tó lọ tán."

Nígbà tá a padà sí ọ́fíìsì, Fojúrí gbé káàdì náà sórí tábìlì, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ilé kan ni," ló ń wí ṣáá. "Èmi àti Bàbá, ilé kan ni wá."

Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí ju ìbínú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ káàdì tèmi, mo gbé e fún un, pé mo ti gbọ́ "afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn" nílé mi. Irọ́ ni. N kò gbọ́ ọ rí.

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ọkọ mi."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wa obìnrin ló fi bú."

"Kí lọmọ náà ṣe?"

"Ó ń tú báàgì mi."

"Báàgì wo?"

"Dúdú yìí náà."

"Èyí tó o rà lóṣù tó kọjá?"

Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí, àmọ́ ó rọra fa káàdì mi ya, ó sì di ọwọ́ mi mú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "O ṣeun," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fi irọ́ gbé ìyá mi wọnú ìwé." Lọ́sàn-án, wọ́n wá kó ojú ìwé afẹ́fẹ́ lọ. Káàdì bàbá rẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n sin òun lọ sílé bàbá, nítorí ẹ̀rù ń ba òun láti dá sọ ọ́. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bọ́ bàtà. Fojúrí kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé òfin ilé méjì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ilé méjì kẹ̀?" wọ́n ní. "Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bí. Ta ni ilé kejì fẹ́ máa pè bẹ́ẹ̀?"

Fojúrí gbé orí lé orúnkún wọn, ó bú sẹ́kún.