Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Mọ́ Mojí

Ìlara ló kó bá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní fi bò.

Ìyá Ẹ̀bùn, ará Ìlàjẹ tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Okere, wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe wẹ́búsáìtì ní Warri–Sapele Road, ó gbé fóònù lé tábìlì. "Kúnlé, oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń tẹ orúkọ ọjà mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. I no see am. Èyí tí Mojí ṣe fún ẹlòmíràn ni mo ń rí. Bí oṣù yìí bá fi parí láìyọjú, òun ni màá gbé iṣẹ́ fún."

Mojí kẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá máa ń pè bí oníbàárà bá dé. Wẹ́búsáìtì tó ṣe fún ẹlẹ́ńjìnì kan ní Ekpan ò lẹ́wà rárá, síbẹ̀ òun ló máa ń wà lókè nínú èsì ìwárí. Àràárọ̀ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń ta mí lára.

Lórí wẹ́búsáìtì tí mo ṣe fún Ìyá Ẹ̀bùn, inú dátábéèsì, ibi ìkó-ìsọfúnni-pamọ́, ni ọjà rẹ̀ wà. Àfi kéèyàn tẹ orúkọ ọjà sínú àpótí ìwárí kó tó yọ. Ẹ̀rọ aṣàwárí, tó ń bá àwọn èèyàn wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í tẹ nǹkan sínú àpótí. Líǹkì ló ń tẹ̀ lé, bí ẹni tó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Mo fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, mo to líǹkì wọn sílẹ̀. Mo dúró, dúró. Òfo ni.

Ni mo bá ṣọkàn gírí, mo lọ bá Mojí. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó fà á.

"Bọ̀dá Kúnlé, fáìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà wẹ́búsáìtì yín tó ń lé gbogbo ẹ̀rọ aṣàwárí padà. Who put am there?"

Mo ti gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìwọ. Mi ò fẹ́ kí o rán ẹ̀rọ wá ṣe àdàkọ àkójọ ọjà oníbàárà mi."

Kò bínú. Ó sún kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ ara mi pa fáìlì náà rẹ́, ó tún fi hàn mí bí mo ṣe lè bẹ ẹ̀rọ aṣàwárí kó padà wá.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí ni Ìyá Ẹ̀bùn pè mí. "E don show. Orí ẹ pé." Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo fẹ́ dárúkọ Mojí, ahọ́n mi kọ̀.

Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́. Fáìlì yẹn ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo máa ń sọ pé Mojí ni. Ó ṣì ń ta mí lára bí mo ṣe ń sọ ọ́.