Oúnjẹ Àsansílẹ̀ Tí Mo Rà Nítorí Àwọn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá fún yín. Mo rí i pé páàkì ti fẹ́ ṣí, ẹ sì ti ń bi ara yín léèrè pé ṣé ó dára kéèyàn ra oúnjẹ àsansílẹ̀ mọ́ káàdì ìwọlé. Àwọn kan ní ẹ rà á kíá. Àwọn kan ní olè ni wọ́n. Èmi ò lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn mi bí egungun ẹja tó há èèyàn lọ́fun.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, báyìí ló ṣe rí. Páàkì ìgbafẹ́ ńlá kan wà ní ọ̀dọ̀ wa lókè òkun níbí, tí àwọn ọmọdé ti ń gun rólà kósítà, ọkọ̀ eré tó ń sáré lókè lókè, tí wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀ láti òkè sínú omi. Èèyàn lè sanwó lẹ́ẹ̀kan kó máa wọlé títí wọ́n á fi ti páàkì fún ọdún náà. Tó bá tún fi owó kún un, á máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́, á máa mu mínírà, nígbàkígbà tó bá lọ. Kò ní tọwọ́ bọ àpò mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní dining plan nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣíìfù gígùn ni mo máa ń ṣe. Ìgbéyàwó èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti tú ká, mi ò sì ní ro ẹjọ́ rẹ̀ níbí, kọ́ọ̀tù ti parí ìyẹn. Òun àti àwọn ọmọ ń gbé ní Accokeek, nínú ilé tí a jọ rà, níbi tí igbó ti yí wọn ká, tí àgbọ̀nrín máa ń wá jẹ òdòdó lẹ́yìnkùlé. Èmi wá gba yàrá kan ní básímẹ́ǹtì ìyá àgbà kan ní Adelphi. Sátidé kan, ká fo ọ̀kan, ni wọ́n fún mi láti máa rí àwọn ọmọ méjèèjì. Tọ́lá ni àgbà, ọmọ ọdún méjìlá. Fẹ́mi jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Yàrá ọ̀hún ńkọ́? Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan, àga kan, fèrèsé tóóró kan lókè tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan leèyàn ń rí. Bí mo bá fẹ́ dáná, ìdáná Màmá onílé lókè ni. Ọjọ́ tí mo kó débẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ò fẹ́ ariwo. Ṣé ibẹ̀ ni kí n kó ọmọ tí kálukú wọn ní yàrá tirẹ̀ lọ? Ojú ń tì mí!

Nítorí náà, inú mọ́tò la máa ń wà ṣáá. Mo kó wọn lọ sí móòlù, mo kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà. Nígbà òtútù, a ó jókòó sínú mọ́tò, híítà á máa ṣiṣẹ́, èmi á wá máa bi wọ́n pé, "Níbo la tún ń lọ báyìí?" Bàbá wo ló ń bi ọmọ bẹ́ẹ̀?

Dàpọ̀, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, ló sọ̀rọ̀ páàkì fún mi. Ó ní kí n gba ti ọdún, kí n sì fi oúnjẹ kún un fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní tí mo bá fi lè lọ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, owó mi ti jáde. Mo rò ó, mo tún un rò. Mo jókòó sínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù, mo ń wo fóònù. Ṣé wọ́n máa fẹ́ràn oúnjẹ ibẹ̀? Ṣé òjò ò ní máa rọ̀? Ṣé ìyá wọn ò ní sọ pé oúnjẹ olóròóró ni mo fi ń bọ́ wọn?

Mo sanwó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, mo mọ̀ lọ́kàn ara mi pé kì í ṣe oúnjẹ ni mo rà. Ibi tí màá jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ mi ni mo rà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn! Fẹ́mi ò gbà gbọ́ pé òun lè lọ gba mínírà mìíràn láìtọrọ owó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Tọ́lá gun ohun ìṣeré orí omi, aṣọ rẹ̀ tutù jìnnìjìnnì, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó wà ní kékeré. A jẹ písà lọ́sàn-án, a jẹ ṣíkìn lálẹ́. Nígbà tí mo dá wọn padà sí Accokeek, Fẹ́mi ti sùn lọ. Mo wakọ̀ padà sí Adelphi, mò ń kọrin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ilé ayé ṣe rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Sátidé di páàkì, páàkì di Sátidé. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n ti gbogbo ohun ìṣeré pa, síbẹ̀ a jókòó sábẹ́ òrùlé ibi ìjẹun láti ọ̀sán di alẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ níbẹ̀ ti mọ̀ wá, kò tiẹ̀ bèèrè ohun tí Fẹ́mi fẹ́ jẹ mọ́. Tọ́lá fi nǹkan dí etí, ó ń gbọ́ orin. Ó gé bọ́gà jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Tọ́lá, jẹun, a ti sanwó ẹ̀ tán."

Ó kàn ń wo òjò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ni ìyá wọn pè mí. Kì í pè mí láìnídìí. Ó ní tíṣà Fẹ́mi ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wọn sọ ibi tí àwọn ẹbí wọn ń gbé. Ọ̀kan ní ìyá àgbà òun wà ní Èkìtì, òmíràn ní àbúrò bàbá òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kan Fẹ́mi, ó ní bàbá òun ń gbé ní páàkì!

Wọ́n ní tíṣà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fárígá. Ó ní ibẹ̀ ni Dádì òun ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti ń jẹun alẹ́, pé gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ni tíṣà bá pe ìyá ọmọ, ó rọra ń bèèrè bóyá bàbá rẹ̀ rí ibi sùn.

Ìyá Tọ́lá ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ nílé àbí ẹ ò nílé?"

Mo ní, "Mo nílé."

Ó ní, "Ẹ wá fi han àwọn ọmọ yín o. Ẹ má jẹ́ kí ìjọba wá máa kanlẹ̀kùn mi lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ nípa ẹ̀."

Lẹ́yìn tó ti gbé fóònù sílẹ̀, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àbí kò pani lẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín náà ò dé ibì kankan tó fi dáwọ́ dúró. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè tú bàtà.

Mo gòkè lọ bá Màmá onílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ọmọ mi fẹ́ wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé."

Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o bímọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ti ń gbé ilé ìyá yìí láti ìgbà òjò dídì, kò mọ̀ pé mo lọ́mọ láyé! Ó ní, "Kó wọn wá, jàre. Ọmọ kì í ṣe ẹrù òfin. Kí wọ́n ṣáà má pariwo mọ́ mi."

Ní Sátidé, àwọn ọmọ ti wọ aṣọ páàkì dè mí. Nígbà tí mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà sí páàkì, Tọ́lá yọ nǹkan etí rẹ̀. Ó bèèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ pé níbo là ń lọ. Mo ní ilé mi. Fẹ́mi pariwo lẹ́yìn pé, "Dádì ní ilé!"

A yà ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin ní Langley Park. Nígbà tí a dé, Fẹ́mi fò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lójú fèrèsé, ó ń sọ irú bàtà tí kálukú wọ̀. Tọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àga. Ó wo aṣọ iṣẹ́ mi tó wà lórí ìṣó. Kò wọlé kíákíá.

Mo dín dòdò, mo dín ẹyin. Màmá fún wa ní ọbẹ̀ tirẹ̀ sí i. Ilẹ̀ la jókòó sí. Tọ́lá jẹ dòdò, ó tún bu òmíràn, ó tún bù ú. Ọmọ tí mo rò pé kì í jẹun mọ́!

Nígbà tó ń fọ abọ́ lókè, ó bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbé níbí?"

Mo ní ó ti ṣe díẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Mo mú abọ́ kan, mo ń nù ún. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn. Mo ní kí oúnjẹ páàkì máa ṣòfò lọ, ilé mi la ó máa wá. Wọ́n sì wá díẹ̀ sí i. Àfi bí ìyá wọn ṣe tún pè mí nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ó ti rí iṣẹ́ sí Texas, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ. Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Lọ́yà kan sọ pé mo lè bá a jà ní kọ́ọ̀tù. Kí ni màá sọ fún adájọ́? Òun ní ilé, ó ní ẹbí tó máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Èmi ní ṣíìfù àti básímẹ́ǹtì. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n lọ kí ilé ìwé tó wọlé.

Mo pe àwọn tó ni páàkì bóyá wọ́n lè dá díẹ̀ padà nínú owó mi. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ṣe pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọ́n bá ti tà, wọ́n ti tà á. Nígbà tó di ìgbà tí ewé ń wọ́, mo ní Sátidé kan tí mi ò ṣiṣẹ́. Yàrá náà há mọ́ mi lára. Kí n tó mọ̀, mo ti wà ní ẹnu géètì páàkì.

Ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ rí mi. Ó bèèrè pé àwọn ọmọ mi dà. Mo ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ló mú mi parọ́? Mi ò mọ̀ di òní. Mo gbé àwo lọ sórí tábìlì tó jìnnà sí i, mo jẹ díẹ̀, ó ń rí bíi páálí lẹ́nu mi. Mo da ìyókù nù. Ọ̀nà ibòmíràn ni mo gbà jáde, kí n má baà tún kọjá níwájú rẹ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ó dáa, ṣé kí ẹ rà á? Tí àwọn ọmọ yín bá wà lábẹ́ òrùlé yín, tí ẹ ó máa lọ dáadáa, tí wọ́n sì fẹ́ràn písà, ẹ rà á. Ohun mímu nìkan nígbà ooru tó owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìtìjú ló ń lé yín jáde bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò. Àwọn àgbà ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Yàrá yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ ibi tí ẹ̀ ń sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tí ọjọ́ ṣì pọ̀.

Fẹ́mi ń bọ̀ wá lo ìsinmi ọdún lọ́dọ̀ mi. Tọ́lá ní òun máa wò ó ná. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mi ò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí àwọn ọmọ yín wà lókèèrè, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yìí. Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń wá? Tí Tọ́lá bá sì bá Fẹ́mi wá, kí leèyàn ń sè fún ọmọ téèyàn ò mọ ohun tó ń jẹ mọ́?