Ọmọ Mi Ní Kí N Pe Yèyé Òun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àyà mi ṣì ń já.

Ẹ mọ̀ pé Ayọ̀délé, ọmọ mi, wà ní kíláàsì kìíní tí mò ń kọ́ níbí ní Arámọkọ. Kí wọ́n má baà ní mò ń ṣojúsàájú, mo ti kìlọ̀ fún un pé tá a bá ti wọ ọgbà ilé-ìwé, n kì í ṣe yèyé rẹ̀ mọ́. Míìsì ni kó máa pè mí.

Lónìí ni alábẹ̀wò ilé-ìwé ṣàdédé dé láti Ìbàdàn. Ó gbé mọ́tò ìjàpá rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, ó lejú koko.

Àárín ìṣirò ni mo wà tí mo rí Ayọ̀ tó gbórí lé síléètì rẹ̀. Inú bí mi.

"Ayọ̀délé, gbórí sókè!"

Ó gbé e sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó nawọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Míìsì, ara mi ń gbóná. Ẹ bá mi ránṣẹ́ pe yèyé mi."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Alábẹ̀wò dìde. "Míìsì, níbo ni ìyá ọmọ yìí wà?"

Mo kàn bẹ̀rẹ̀, mo pọn ọmọ mi, mo jáde.

Ara rẹ̀ ò tíì rọ̀. Alábẹ̀wò sì ní òun ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ ń ṣe tíṣà, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lọ́la, ṣé Míìsì ni kí n jẹ́ ni, àbí yèyé?