Ọjọ́ tí Ìyá Dìímú Gba Abẹ́rẹ́ Ìrìn-àjò

Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù wa, tó bá ti fojú kan Ìyá Dìímú báyìí, igbe ló máa fi bọnu. Kì í ṣe pé obìnrin náà jẹ́ nọ́ọ̀sì o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di ọmọ mú kí nọ́ọ̀sì lè gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi ń fọ aṣọ ibùsùn ní yàrá ẹ̀yìn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí etí mi kì í gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, mo máa ń lọ yọjú náà.

Ó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Á gbé ọmọ lé itan kan, á fi ìkejì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ kan di apá, á fi ìkejì bo ojú. "Dì í mú!" ni nọ́ọ̀sì máa ń wí, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Kí ọmọ tó rántí pé òun fẹ́ ké, wọ́n á ti ṣe é tán.

Ẹnu rẹ̀ ló wá burú. Tí ìyá ọmọ kan bá ń nu ojú, á ní, "Ta ni wọ́n ń gún nínú ẹ̀yin méjèèjì? Bọ́ síta jàre! Abẹ́rẹ́ tí kò tó kí èèrà ta èèyàn, ìyẹn lò ń tìtorí ẹ̀ ya ẹnu gbàù!" Gbogbo yàrá á pa ẹ̀rín, ẹni tó ń sunkún á sì fi ìtìjú rìn jáde.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwé, iṣẹ́ ọsibítù yìí ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ náà fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ afárá. Ilé iṣẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ sí orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìyàwó bá a lọ, ibẹ̀ ló ti lóyún. Kò gbọ́ èdè wọn dáadáa, kò ní ẹbí níbẹ̀, ọkọ kì í sì í sí nílé látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní kí màmá òun wá wà pẹ̀lú òun kí ìkúnlẹ̀ tó dé, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá Dìímú. Títí kan ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, kò sí ẹni tí kò gbọ́.

Dókítà wa pè é jókòó.

"Mà, ibi tí ẹ ń lọ yìí, igbó ńlá ló wà nítòsí ẹ̀, ẹ̀fọn ibẹ̀ ò sì ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ kó aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn dání, ẹ mú nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ìpara tó ń lé ẹ̀fọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, inú páálí ẹ̀ ni kó wà, kẹ́ ẹ fi í sínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Omi tẹ́ ẹ ò bá sè, tí kò sì sí nínú ìgò tí wọ́n dé pa, ẹ má mu ún."

"Dókítà, gbogbo eléyìí! Ṣé ogun ni mò ń lọ jà ni?"

"Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Ẹ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù."

Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kú pii. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ló dẹ́rù bà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe abẹ́rẹ́ yẹn lọ́dọ̀ wa. Inú fíríìjì ni ìgò rẹ̀ máa ń wà. Ìgò kan ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, wọn kì í gbé e di ọjọ́ kejì, ṣe ni wọ́n máa da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù. Nítorí náà, àfi kí arìnrìn-àjò pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí i, Ìyá Dìímú ní inú ń run òun. Ìgbà kejì, ó ní nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lọ́wọ́ ire. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rán nọ́ọ̀sì wá láti ọ̀run ni?"

Ọmọ rẹ̀ wá pè é lórí fóònù. Etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ó máa ń ṣí ohùn fóònù sókè ni, gbogbo wa la sì gbọ́.

"Màmá, ibà yẹn wà níbí o. Wọ́n sin ẹnì kan ládùúgbò wa níjelòó. Tí ẹ ò bá tíì gba abẹ́rẹ́, ẹ má wá. Mi ò lè bímọ tán kí n tún máa sin ìyá mi."

Nígbà tí wọ́n máa ṣí ìgò kẹta, nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ wá bá a. "Mà, ṣé ẹ ti ṣírò ọjọ́ ìrìn-àjò yín? Tó bá ti kọjá tòní, ẹ ò lè lọ mọ́." Àfi bíi pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò ẹ̀, ọjọ́ àjẹsára àwọn ọmọ ló bọ́ sí. Àwọn ìyá ọmọ kún yàrá títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n gún àwọn arìnrìn-àjò tó kù, ó wá kan Ìyá Dìímú. Ó jókòó lórí àga, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yọjú. Nọ́ọ̀sì fi òwú nu apá rẹ̀. Bó ṣe gbé abẹ́rẹ́ sókè báyìí, Ìyá Dìímú pariwo, ó ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù, àwo òwú fò, òun náà sì gba àárín àwọn ìyá ọmọ kọjá bí ẹran tó já okùn. Bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ dì í mú o!" Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn ní láti gbé ọmọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń ta wọ́n lára tipẹ́, mi ò lè bá wọn wí.

Yàrá mi ló sá wọ̀. Mo bá a lẹ́yìn aṣọ ibùsùn tí mo sá, ó jókòó lórí báàfù tí mo dojú ẹ̀ dé, ó ki ìborí sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Máa lọ. Má wò mí."

"Èmi náà lẹ ń lé?"

Ó yọ ìborí kúrò lẹ́nu. "Láti kékeré ni. Tí mo bá ti rí abẹ́rẹ́, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n sá. Ilé ni mo bímọ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gún mi. O ò rí i pé ẹni tó ń di ọmọ mú, wọn kì í gún un? Tí mo bá bo ojú ọmọ, èmi náà á di ojú tèmi."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń yọjú yẹn, ọmọ ni mo máa ń wò, mi ò wo ojú rẹ̀ rí.

"Ojú tì mí," ó ní. "Àwọn tí mo ń lé síta. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Jẹ́ kí n pe ọmọ mi, kí n ní ara mi ò yá."

"Ẹ fẹ́ kó dá bímọ sáàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè ẹ̀?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn. Kò bínú, ó kàn ní, "Mà, mo fẹ́ da èyí tó kù nínú ìgò nù. Ṣé kí n dà á nù?"

Ìyá Dìímú dìde, ó di apá mi mú bíi pé odò la fẹ́ sọdá. Kò sí ọ̀nà míì, àárín àwọn obìnrin yẹn náà la gbà padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì lásán. Wọ́n yà fún wa. Ẹlòmíràn ṣì ń jẹ ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

Èmi ni mo dì í mú, n ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo di orí nígbà tó yẹ kí n di apá. Igbe tó ké, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì gún rárá ló bá a gbè é. Nígbà tó máa parí, òógùn ti bo àwa méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì ní kó má tíì lọ, kí àwọn lè máa wò ó bóyá ara rẹ̀ máa kọ abẹ́rẹ́ náà. Bẹ́ńṣì àwọn ìyá ọmọ nìkan ló wà. Ó lọ jókòó sí etí ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ọmọ rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbà á?"

"Mo ti gbà á."

"Ẹ ṣeun, mà! Mi ò tíì sùn látàná. Ẹ̀yin ṣáà lẹ máa ń ní kò dun èèyàn. Ó daa, ṣé ẹ ò sunkún?"

Gbogbo àwọn obìnrin yẹn yíjú sí i. Mo rò pé ó máa pa fóònù náà.

"Mo sunkún, ọmọ mi," ó ní, kò gbójú sókè. "Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ sá lọ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín níbí, mo sì tọ́ sí i."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ tirẹ̀ bọ́ sí ìhà kejì, kí Ìyá Dìímú lè rí àyè jókòó dáadáa. Ojú ṣì ń tì í, kò sún. Ibi etí bẹ́ńṣì yẹn ló wà títí nọ́ọ̀sì fi ní kó máa lọ sílé.