Ọjọ́ tí Mo Ní Kí Wọ́n Tú Ẹrù Gbóyèga

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, kò sí ẹni tó ròyìn fún mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, n kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi gbogbo Mayfair, àdúgbò wa ní Joburg ní South Africa, bóyá nǹkan kan lè kọjá níwájú mi kí n má rí i.

Láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin mi tan sípíkà rẹ̀ kan tí kò ju ife omi lọ, tí kò ní wáyà kankan. Mo ní níbo ni ohùn ń gbà wọlé. Ó ní, "Daddy, it's Bluetooth." Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, n kò tíì gbà á gbọ́. Ohun tí a kò rí ọ̀nà tó gbà wọlé, ta ló mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde? Bó ṣe dún gìrì nígbà tó tàn ló mú mi rántí Gbóyèga.

Agboolé kan náà ni wọ́n bí wa sí ní Iléṣà. Abọ́ ìyá rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ju ti ìyá mi lọ. A máa ń lu ihò sídìí agolo mílíìkì méjì, a ó fi okùn so wọ́n pọ̀, èmi á wà lẹ́yìn ilé, òun á wà nídìí igi ọsàn, a ó máa bára wa sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo ti sáré débẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kì í ṣe pé ó kàn ń pariwo. Ibẹ̀ ló ti sọ mí ní Olójú-Ogún. Orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Nígbà tí a dé Joburg, yàrá kan la jọ gbà. Mo ra sípíkà nígboro, nínú páálí ńlá: kékeré márùn-ún, àti baba wọn tó ń lu báàsì. Ẹgbẹ́ àdúrà wa ń bọ̀ wá jọ́sìn ní yàrá wa, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo wọn pé orin yóò yí wọn ká bí omi. Ṣùgbọ́n ihò kan ṣoṣo ni rédíò mi ní, wáyà mẹ́ta ló sì jáde lára baba sípíkà: aláwọ̀ ewé, dúdú, aláwọ̀ ọsàn. Gbóyèga so ó nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì. Mo dé, méjì iwájú nìkan ló ń kọrin. Àwọn tó kù dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún.

"Ihò kan kò lè gba ẹnu mẹ́ta," ni Gbóyèga wí. "Fún mi di ọ̀la."

Ọ̀la kẹ̀? Mo rí i bó ṣe ti nǹkan dúdú kan bọ inú báàgì rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn tó dákẹ́, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti mọ̀: ó ti yọ inú wọn tà.

Ní agboolé wa, bí nǹkan bá sọnù, gbogbo ilé á gbé àpótí jáde sí àgbàlá, wọn á tú u lójú àgbà. Bí wọn kò bá rí nǹkan, ẹni tó fura á dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n tú ẹrù rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Lọ́jọ́ kejì, mo pe Alàgbà ìjọ wa, a jókòó de Gbóyèga. Bó ṣe tibi iṣẹ́ wọlé, mo ní kí Alàgbà tú ẹrù rẹ̀.

"Olójú-Ogún, èmi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, ṣí i."

"Eish, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà!" ni Alàgbà kígbe bí ará Joburg. Ó tú u. Ṣòkòtò kan, Bíbélì kan, íápíìsì àtijọ́ mi, nǹkan dúdú àná, tó mú lọ fi wọn ẹnu wáyà ní ṣọ́ọ̀bù, àti wáyà tuntun kan, ẹnu kan, ihò mẹ́ta.

Gbóyèga mú wáyà tuntun náà. Ó ki ẹnu wáyà náà bọ rédíò, ó ki wáyà mẹ́ta ti sípíkà bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orin yí yàrá ká, iwájú, ẹ̀yìn, báàsì ń lu àyà wa. Alàgbà wò mí, ó ń retí kí n dọ̀bálẹ̀.

Mo kọjú sí Gbóyèga, mo ní, "Ìwọ ló yẹ kó o ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀." Mo dúró ṣánṣán bí òpó iná.

Ó kó ẹrù rẹ̀ tí a tú sílẹ̀, ó lọ. Àwọn kan ní Durban ló wà, àwọn kan ní ó ti padà sílé. N kò gba ìkankan gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, wáyà ti lọ, ihò ti lọ. Ìfura kò lọ síbì kankan. Ojú mi ṣì mú dáadáa.

Sípíkà tó sọnù: kò sí. Wáyà tó sọnù: kò sí. Ọ̀rẹ́ tó sọnù: ọ̀kan.